Dúró Tó Di Sáré

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun ẹ̀yìn ọ̀kadà bọ̀ọ̀dá mi ni mo tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ní ẹnu. Mo ti kàwé nípa ohùn fún ọdún díẹ̀. Mo mọ bí a ṣe ń wọn ariwo, mo sì lè ya àwòrán rẹ̀ sójú ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí a jáde kúrò ní àdúgbò wa, Whalley Range, tí ọ̀kadà bọ́ sójú ọ̀nà gbọọrọ, ariwo tó wọ inú akoto tí mo dé sórí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ni. Ó ń hó bí omi tó ń dà láti orí àpáta, kò sì dánu dúró láti mí. Mo pariwo pe bọ̀ọ̀dá mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà níwájú mi gan-an. N kò gbọ́ ohùn ara mi.

Bọ̀ọ̀dá tí mo ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ilé òun àti ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní àǹtí, ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Manchester, ibẹ̀ náà ni mo sì wà lẹ́yìn tí mo gboyè tán tí mo ń wáṣẹ́ kiri. Àǹtí ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ní Chorlton-on-Medlock. Bọ̀ọ̀dá ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kékeré kan: ó ń fi ọ̀kadà gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn, nínú àpótí tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, láti ilé ìwòsàn kan lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn. Nígbà tí inú àǹtí bá dùn, "ọlọ́kadà ìlú ọba" ni í pè é. Nígbà tí inú rẹ̀ kò bá dùn, kì í pè é ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ póíńtì ló gbé wa dé ìdí gbogbo èyí. Ní ìlú yìí, bí kámẹ́rà bá ká ọ mọ́ orí eré àsápajúdé, wọ́n lè fi póíńtì mẹ́ta sára láísẹ́ńsì rẹ. Bó bá pé méjìlá, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ńsì náà. Bọ̀ọ̀dá mi ti ní mẹ́sàn-án. Bí ó bá tún sáré kọjá níwájú kámẹ́rà kan ṣoṣo sí i, láísẹ́ńsì lọ, bí láísẹ́ńsì bá sì lọ, iṣẹ́ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbà á kó gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wọ bọ́ọ̀sì. Àǹtí mọ̀. Èmi náà mọ̀. A kì í sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí ìwé kan bá ti já bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, gbogbo wa la ó gbójú sókè.

Ìdí nìyẹn tó fi ra ẹ̀rọ kan tí í gbọ́ òórùn ràdà, ìtànṣán tí kámẹ́rà ọlọ́pàá fi ń wọn eré, láti òkèèrè. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí kámẹ́rà tó ń lo ràdà bá wà níwájú, á máa ké. Kò lòdì sófin níbí láti lò ó. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ wádìí ìyẹn kí n tó jẹ́ kó dè é mọ́ ọ̀kadà. Àǹtí sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ náà gan-an: Afura.

"Afura ni yóò máa bá yín fura," ó ní. "Ṣé ẹ ò lè fúnra yín fura ni?"

"Ìwọ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀," bọ̀ọ̀dá ní.

Afura ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bọ̀ọ̀dá kò gbọ́ ọ. Ó wọ yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì mi bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá sọ́dọ̀ dókítà.

"Ìwọ lo kàwé ohùn," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí ń ké o. Mo rí iná rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ki fóòmù bọ etí ni?"

"Bí mi ò bá kì í, ṣé kí n di adití kí irun mi tó funfun ni?"

"Ẹ máa wo iná rẹ̀ nígbà náà."

"Ṣé kí n máa wo iná ni, àbí kí n máa wo ọkọ̀ tó fẹ́ gbá mi?"

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo sọ tèmi náà. Mo ní kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ń lo ràdà. Àwọn kan kàn ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ni, Afura kò sì lè mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn kan ń lo iná lésà. Èyí, Afura lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà tí iná náà bá ti bà ọ́ lára ló máa tó ké, ìgbà yẹn ni kámẹ́rà náà sì ń ka eré rẹ lọ́wọ́.

"Èyí tó bá mọ̀, á sọ fún mi," ló wí. "Alhamdulillahi. Ìwọ ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo kọ́kọ́ ra sípíkà pẹlẹbẹ méjì, mo sì tẹ̀ wọ́n mọ́ inú akoto rẹ̀ níbi tí etí máa ń wà. Mo so wọ́n mọ́ Afura. Ó jáde, ó padà: afẹ́fẹ́ gbé igbe náà mì. Mo gbé e sókè sí i. Ó jáde, ó padà, ó fi ọwọ́ bo etí ọ̀tún, ó ní ṣé mo fẹ́ fọ́ òun létí ni. Mo yí igbe náà padà sí irú èyí tí kò tinrín tí kò sì nípọn, tí ariwo afẹ́fẹ́ kì í tètè bò mọ́lẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan sí i.

"Ó ń dún bíi máíkírówéèfù," ó ní. "Mo gbọ́ ọ, mo kàn ń rò pé oúnjẹ ti gbóná ni."

Àǹtí ló dá a lábàá pé kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń rẹ́ àlùbọ́sà nínú kíṣìnnì, ó sì ń gbọ́ gbogbo àlàyé mi láti ìgbà náà wá láìsọ nǹkan kan. "Ọkùnrin wo ló ń gbọ́ràn sí fèrè lẹ́nu?" ó ní. "Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀." Mo rò ó wò. Ohùn obìnrin máa ń ga ju ti ọkùnrin lọ, inú ariwo tó wúwo sì ni afẹ́fẹ́ ti lágbára jù. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kùnà. Mo gbé fóònù mi sítòsí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ sọ pé 'Rọra,'" mo ní.

"Rọra? Ẹni tó ti fẹsẹ̀ kọ là ń sọ fún pé rọra. Ó ti ṣubú tán nìyẹn."

"'Kámẹ́rà ń bẹ níwájú' ńkọ́?"

"Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti kọjá níbẹ̀."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì ké: "Dúró! Dúró!"

Bọ̀ọ̀dá tó ń gbé ife tíì bọ̀ láti pálọ̀ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn. Nígbà tó rí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín, tíì sì dà sí i lọ́wọ́.

"'Ẹ' dà?" ó ní. "Ṣé ọkọ ẹ lò ń pàṣẹ fún báyẹn?"

"Ẹ̀rọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ẹ̀rọ ò mọ ọkọ."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù bọ̀ọ̀dá, mo sì ṣètò rẹ̀ pé bí Afura bá ti ké, ohùn àǹtí ni sípíkà inú akoto yóò gbé jáde. Kí n tó fà á lé e lọ́wọ́, mo gbé ariwo afẹ́fẹ́ sáfẹ́fẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà mi nínú yàrá, mo dé akoto náà, mo sì tẹ́tí sílẹ̀. Mo gbọ́ dúró ketekete. Ọkàn mi balẹ̀. N kò ronú kan nǹkan kékeré kan: pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí bọ̀ọ̀dá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ láìbọ́ jákẹ́ẹ̀tì, tó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ta ló ní kí n sáré?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sáré?" àǹtí dá a lóhùn láti òkè.

"Ìwọ ni! Nínú akoto! 'Sáré! Sáré!' bí ẹni tílé ń jó mọ́ lórí."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ fún yín rí pé kẹ́ ẹ sáré?"

"Láràárọ̀! 'Ẹ sáré, mo ti pẹ́.' 'Ẹ sáré, bọ́ọ̀sì ti ń lọ.' Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn wo lo tún mọ̀?"

Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu mi. Ó wá sọ èyí tó kù.

Levenshulme ló wà, lórí Stockport Road, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ti fara kan ara wọn. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ó jọ pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, irú èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ti sún mọ́ ọn, ni Afura gbọ́ òórùn rẹ̀. Irú ràdà kan náà ló wà lórí àwọn ilẹ̀kùn yẹn, Afura kò sì mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Ohùn àǹtí wọ etí rẹ̀. Kí ó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti fún ọ̀kadà níná. Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé sì ti bọ́ sójú títì níwájú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gba àárín obìnrin náà àti ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kọjá.

"Obìnrin náà ò tiẹ̀ bú mi," bọ̀ọ̀dá wí. "Ó kàn ń wò mí. Kẹ̀kẹ́ ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wò mí."

Àǹtí sọ̀kalẹ̀ wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà lókè tirẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé orí. Èmi dúró tì wọ́n.

Bí wọ́n bá sọ irú nǹkan báyìí fún mi, n kì í gbà á lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ó lè jẹ́ àárẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohùn náà bá a lójijì, tí ẹ̀rù bà á, tí ọwọ́ rẹ̀ fi gbọ̀n. Mo ní kó gbé mi sẹ́yìn lọ́jọ́ Sunday, kí n dé akoto tirẹ̀, kí òun dé òmíràn. Mo bẹ àǹtí kó tún ké ọ̀rọ̀ méjì sínú fóònù mi, dúró àti sáré, pẹ̀lú agbára kan náà. Mo wá ṣètò fóònù náà kó máa mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì, kó má sì sọ fún mi èwo ni, àfi tí a bá dúró. Bí mo bá mọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, etí mi á purọ́ fún mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ẹnu afẹ́fẹ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Nínú hówùhówù yẹn, ohùn àǹtí jáde, jìnnà, bí ẹni ń pè mí láti òdì kejì odò. Sáré! Sáré! Ó dá mi lójú. Mo lè búra sí i. Ó tún ké: Sáré! A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo wo fóònù.

Dúró ni. Ìgbà méjèèjì, dúró ni.

Mo ní kó tún gbéra. A tún lọ, a tún bọ̀. Nígbà mìíràn mo ní dúró ni, ó sì jẹ́ sáré. Nígbà mìíràn mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kìkì àbá ni mo dá. Nígbà tí a fi padà délé, ara mi tutù. N kì í ṣe ẹni tó ń tètè sọ pé ẹnu ya òun, ṣùgbọ́n ẹnu yà mí débi pé mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú akoto lórí.

Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Mo pe ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ẹ́jẹ́ nínú yàrá. Dú-ró. Sá-ré. Òkè, òkè. Òkè, òkè. Afẹ́fẹ́ ti jẹ "d" àti "s", ó ti jẹ "r", ó ti ba fáwẹ́lì jẹ́; ohun tó ṣẹ́kù fún etí kò ju ìró tó lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ti ń gbọ́ "sáré" láràárọ̀ láti ẹnu obìnrin kan náà, kí ni ká retí pé kó gbọ́? Ohun tó dùn mí jù ni pé èdè òyìnbó ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ nínú ariwo. Nínú àwọn ìwé yẹn, bí ohùn bá lọ sókè tàbí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Mo ka wọ́n, mo gba wọ́n gbọ́, mo sì lọ fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọmọ Ìbàdàn.

Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn. "Jẹ́jẹ́" ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àfi bí mo ṣe pè é: òkè, òkè. "Kíákíá" tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ náà, òkè ni látòkèdélẹ̀. Àǹtí ló rí i nígbà tí mo ṣàlàyé fún un.

"Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lo fẹ́," ó ní. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkánjú tí mo mọ̀ tó ń rìn báyẹn. A tún gun ọ̀kadà, mo tún fi fóònù dán ara mi wò, n kò sì ṣì í rárá. Kódà níbi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mì.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó dà bíi pé àǹtí ń bá òun kẹ́dùn káàkiri Manchester. Bó bá délé, á ní, "Ìyàwó mi, o kí mi pẹ̀lẹ́ lónìí o, o kí mi nídìí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, o tún kí mi nídìí ṣọ́ọ̀bù ẹja." Àǹtí á ní kó lọ fọwọ́. Inú ilé náà fúyẹ́. Ìwé já bọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Mo rò pé a ti yanjú rẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú pè mí pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bọ̀ọ̀dá ní kí n má wọ bọ́ọ̀sì, òun á gbé mi dé ibẹ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Òwúrọ̀ ni, ojú ọ̀run mọ́. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí mo ti dán. Mo ti so akoto tèmi náà mọ́ fóònù rẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Afura kò sọ nǹkan kan ní Whalley Range. Kò sọ nǹkan kan nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà ńlá tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

N kò mọ ohun tó mú mi wo aago eré kọjá èjìká rẹ̀. Bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ó ti yí ohùn padà. Mo wo aago náà, mo wo pátákó ààlà eré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì rò pé mo ṣì í kà. Mo tún wò ó. Abẹ́rẹ́ náà ti fi ohun tí wọ́n kọ sára pátákó sílẹ̀ tipẹ́, ó sì ń lọ sókè jẹ́ẹ́jẹ́, láìkánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ọkùnrin tó ní póíńtì mẹ́sàn-án ló ń wa ọ̀kadà yìí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára ẹ̀yìn rẹ̀ pé ara rẹ̀ balẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ láti lù ú léjìká.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́!

Mo gbójú sókè lásìkò kan náà. Ọkọ̀ funfun kan, irú èyí tí ọlọ́pàá ń gbé kámẹ́rà sí, dúró sórí afárá tó wà níwájú wa, fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ó kọjú sí wa. Bọ̀ọ̀dá fún bíréèkì. Orí mi gbá ẹ̀yìn orí rẹ̀, akoto kọ lu akoto, ẹ̀yìn ọ̀kadà yọ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa fọn fèrè débi pé mo gbọ́ ọ kọjá afẹ́fẹ́, kọjá akoto, kọjá ohun gbogbo. Ohùn àǹtí ṣì ń wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí a gba abẹ́ afárá náà kọjá.

Ó yà sí òpópónà kékeré kan, ó pa ọ̀kadà. A bọ́ akoto. Mo jókòó sórí ògiri kékeré tó wà níwájú ilé onílé.

"Ṣé wọ́n mú mi?" ó bi mí.

"Mi ò mọ̀, bọ̀ọ̀dá."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ. Ó ké."

"Lésà ni. Ìgbà tó bá ti bà yín lára ló máa ń ké. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nígbà yẹn."

"Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan!" Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà tí a gbà wá. "Láti ilé, kò sọ nǹkan kan. Mo sì rò pé..."

Kò parí rẹ̀, kò sì nílò kó parí rẹ̀. Mo wò ó lójú, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun. Kí Afura tó dé, ó máa ń wo ọ̀nà, ó máa ń wo afárá, ó máa ń fura. Ní báyìí, bí akoto bá dákẹ́, ó ti gbà pé ọ̀nà mọ́ nìyẹn. Mo ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ̀rọ náà máa sọ. N kò fìgbà kan rò ó wò pé ìdákẹ́ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Sáré ló ń wí. Láti Whalley Range títí dé abẹ́ afárá yẹn, sáré ló ń wí fún un, ohùn ẹnikẹ́ni kò sì sí níbẹ̀ tí mo lè yí padà.

Mo dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. N kò rántí ohun tí wọ́n bi mí.

Mo rò pé kò ní sọ fún àǹtí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, nídìí oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, títí kan ọkọ̀ akẹ́rù. Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Láti ìgbà tí ohùn mi ti wọ inú akoto yẹn," ó ní, "ṣé eré yín dín kù ni, àbí ó pọ̀ sí i?"

Bọ̀ọ̀dá ń wo àwo.

"Mo ń bi yín léèrè."

"Ó pọ̀ sí i."

"Nígbà tí mi ò bá sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn lo máa ń sáré?"

Mo gbọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá náà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, n kò gbọ́ "o" lẹ́nu rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tó ké "dúró" sínú fóònù, ẹ̀rọ ló sì ní ó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀," ó ní. "Lónìí."

Mo yọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ tú Afura kúrò lára ọ̀kadà, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn lórí eré, ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fún wọn láti fi ìwé ránṣẹ́. Láàárín àsìkò yẹn, òun ló ń kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn láràárọ̀. Ó máa ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bùbá ìrun Súbùhì lọ́rùn títí agbélẹ́tà yóò fi kọjá. Ó ń wa ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Àǹtí kò pè é ní ọlọ́kadà. Kò pè é ní nǹkan kan.

Ìwé náà kò dé. N kò mọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bíréèkì yẹn bá a, kí iná náà tó ka eré rẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ mìíràn tó wà nítòsí wa ni wọ́n ń wò. Bọ̀ọ̀dá ní Ọlọ́run ni. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, n kò sì rí èyí tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí, yálà tèmi tàbí tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ méjèèjì pé, mo bá àǹtí nínú kíṣìnnì. Mo ní fóònù bọ̀ọ̀dá mọ bó ṣe ń sáré tó ní gbogbo ìgbà, ó sì mọ ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ọ̀nà púpọ̀. A lè jẹ́ kí ohùn náà máa jáde nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá kọjá ààlà, kámẹ́rà wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ọlọ́pàá mọ́.

"Tó bá wá dákẹ́ ńkọ́?" ó bi mí.

"Á jẹ́ pé ó ń rọra wa ọ̀kadà nìyẹn."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò ké lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó ń sọ "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" bí ẹni ń bá ẹnìkan tó wà nítòsí rẹ̀ gan-an sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bọ̀ọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ní ohùn náà kò sinmi láti ilé títí dé ilé ìwòsàn. Ó ní òun ti ń dá a lóhùn, pé níbi iná pupa kan ní Oxford Road, àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń wo òun bí òun ṣe ń pariwo pé "Mo ti gbọ́! Mo ti gbọ́!"

"Akoto yẹn ń sọ̀rọ̀ jù ẹ́ lọ," ó sọ fún àǹtí.

"Ẹ dín eré kù, á dákẹ́."

"Ẹ" ti padà. Bọ̀ọ̀dá ṣe bí ẹni tí kò kíyè sí i.

Ní Sunday tó kọjá, ó gbé mi lọ sí Levenshulme lọ ra iṣu. A gba Stockport Road, a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo so akoto mi mọ́ tirẹ̀, mo tẹ́tí. Kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀ láti ilé, afẹ́fẹ́ nìkan. Mo na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀, mo wo aago eré, mo wo pátákó. Abẹ́rẹ́ náà kò tíì dé ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. N kò gbà á gbọ́.

Mo tún wò ó.